Awọ Sẹ́ẹ̀lì Ní Owó Oníbodè

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àwòrán awọ sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ìwé bàọ́lọ́jì wa kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ mọ̀ ọ́n: ọ̀rá ìlà méjì, purotéènì wá dúró sáàárín bíi pọ̀nmọ́ nínú ọbẹ̀. Singer àti Nicolson ló gbé e jáde ní 1972, kò sì burú. Ohun tó ń dùn mí ni pé a kì í béèrè pé: èló ni purotéènì san kó tó ráyè dúró síbẹ̀? Lójú tèmi, ẹni tí kò bá mọ iye yẹn kò tíì mọ awọ sẹ́ẹ̀lì.

Ẹ gbọ́ ná. Ọ̀rá tó wà láàárín awọ yìí nípọn tó nanomita 3. Purotéènì ní tiẹ̀ jẹ́ okùn amino acid. Àwọn kan lára wọn, bíi arginine, ní iná mànàmáná díẹ̀ lára, wọ́n sì fẹ́ràn omi. Àwọn mìíràn, bíi leucine àti isoleucine, dà bí òróró. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé àwọn yìí ń “bẹ̀rù omi”. Irọ́ ni jàre! Omi ló ń di ara rẹ̀ mú. Tí nǹkan olóròóró bá wà láàárín omi, àwọn mólékù omi tó yí i ká ní láti to ara wọn, òmìnira wọn á dínkù. Tí nǹkan náà bá kó sínú ọ̀rá, omi á gba òmìnira rẹ̀ padà. Òmìnira yẹn gan-an ni owó tí purotéènì fi ń wọlé.

Ṣùgbọ́n okùn náà fúnra rẹ̀ tún fẹ́ràn omi. Kó tó lè gbé inú ọ̀rá, ó ní láti ká bíi sípíríǹgì, kí ó máa di ara rẹ̀ mú dípò omi. Amino acid kọ̀ọ̀kan ń fi nanomita 0.15 kún gígùn sípíríǹgì náà. Ẹ ṣírò ẹ̀: 20 lọ́nà 0.15 jẹ́ 3. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń gba nǹkan bí 20 amino acid láti la awọ já.

Ní 2005, Tara Hessa, Gunnar von Heijne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wọn iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ná. Arginine kan láàárín awọ ń ná nǹkan bíi kílókálórì 2.5 fún mole kan. Isoleucine kan ń san bíi 0.6 padà. Ìyẹn ni pé isoleucine mẹ́rin ò tíì lè san gbèsè arginine kan tán. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà!

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ẹ wo àwọn aràrá láàárín wa. Irú èyí tó wọ́pọ̀ jù, achondroplasia, fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wá láti orí àyípadà kan ṣoṣo tí wọ́n rí ní 1994: nínú purotéènì FGFR3, glycine tó wà ní ipò 380 di arginine. Inú awọ gan-an ni ipò yẹn wà. Àwọn olóròóró tó kù ṣì ń bá a san gbèsè, torí náà purotéènì náà ò já bọ́, àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀ ti yí padà. Bíréèkì ìdàgbàsókè eegun ni FGFR3, bíréèkì náà á wá le jù. Àwọn òbí tí kì í ṣe aràrá ló sì bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Àwọn baba wa pè wọ́n ní ẹni òrìṣà kí ẹnikẹ́ni má baà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yẹ kí kíláàsì bàọ́lọ́jì wa náà fi kún un.

Ẹ̀yin olùkọ́, tí ẹ bá tún ya àwòrán yẹn, ẹ kọ iye rẹ̀ sí i. Kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Kyte àti Doolittle ti fún wa ní òǹkà láti 1982: isoleucine 4.5, leucine 3.8, arginine −4.5. Ẹ mú amino acid 19 tó tẹ̀léra, ẹ ro òǹkà wọn pọ̀, ẹ pín in sí 19. Tó bá ju 1.6 lọ, ó ṣeé ṣe kí apá yẹn máa gbé inú awọ. Bírò, ìwé àti fóònù yín ti tó.