Ó Sígbọnlẹ̀, Ó Ní Òun Tín-ín-rín

Ẹ̀yin ará wa, mo fẹ́ kí á yẹ ọ̀ràn àwọn tí ń gbé irin kí ara wọn lè tóbi wò. Bí wọ́n bá ń kọjá, a máa ń wí pé ìgbéraga ni ó ń dà wọ́n láàmú. Ní ti àwọn kan, èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Agbéraga a máa fẹ́ kí ayé wo òun. Àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń bo ara, wọn kò sì jẹ́ bọ́ ọ lójú ènìyàn, nítorí bí wọ́n bá wo dígí, tín-ín-rín ni wọ́n ń rí ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni apá wọn tó itan ẹlòmíràn!

Ní ọdún 1997, Dókítà Harrison Pope àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sọ àìsàn yìí ní muscle dysmorphia. Ẹni tó ń ṣe a máa pa iṣẹ́ àti ọ̀rẹ́ tì nítorí irin.

Ibẹ̀ ni oògùn sítẹ́rọ́ìdì ti ń wọlé. Testosterone ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, èyí tí Ọlọ́run Ọba ti fi sínú ọkùnrin. Ní 1935 ni àwọn onímọ̀ fi ọwọ́ ṣe é. Ó wúlò lọ́wọ́ dókítà fún ẹni tí tirẹ̀ kò tó. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ara rẹ̀ le bá ń gún un lọ́pọ̀ yanturu, ara rẹ̀ yóò dáwọ́ tirẹ̀ dúró: kóró ẹpọ̀n yóò kéré, àtọ̀ yóò dínkù, ògiri ọkàn yóò nípọn jù. Akọ tó ń wá kiri gan-an ni ó ń sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ó bá sì jáwọ́, ara á joro, ìbànújẹ́ á dé, dígí á tún pè é padà. Andreas Münzer, gbajúmọ̀ agbérin ọmọ ilẹ̀ Austria, kú ní 1996 ní ọmọ ọdún 31. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn, mo mọ̀ pé ẹ ó ní bí ẹ kò bá tà á, ẹlòmíràn yóò tà á. Kí ẹlòmíràn náà tà á. Sàárà tí ẹ bá fi èrè rẹ̀ ṣe kò lè wo ẹ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni sàn.

Ẹ̀yin òbí àti ìyàwó, ẹ má fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ má sì rò pé bí ẹ bá wí pé ó ti tóbi tó, yóò gbà. Dókítà tí ń tọ́jú ọpọlọ ni kí ẹ mú un lọ bá, bí ó bá sì ti ń gún abẹ́rẹ́ náà, kí dókítà mọ̀ kí ó tó dáwọ́ dúró.