Ẹ̀rù Ni Ẹ Dì, Ẹ Kò Di Irinṣẹ́

  

Lẹ́tà kan dé sí mi lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tí ó kọjá láti ọ̀dọ̀ arákùnrin kan tí ń ta aṣọ ní ọjà Ìkòtún. Ó ní òun fẹ́ gun alùpùpù òun lọ sí Ìsẹ́yìn, kí òun lè ra aṣọ òkè lọ́wọ́ àwọn tí ń hun ún gan-an, kí òun sì bọ́ lọ́wọ́ alágbàtà. Ó ti ra àpótí irinṣẹ́ kan tí ó kún dẹ́múdẹ́mú, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ bi í pé bí ó bá di gbogbo irin yìí lọ, níbo ni yóò di aṣọ sí bọ̀? Ọ̀rọ̀ yìí dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé, ni ó bá kọ̀wé sí mi pé: "Tíṣà, ẹ bá wa dá a. Èwo ni kí n mú, èwo ni kí n fi sílẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú. Ọ̀nà tí ọkùnrin yìí fẹ́ rìn ni èmi náà ti rìn rí, àṣìṣe tí ó sì fẹ́ ṣe ni mo ti ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, kí ó lè di àríkọ́gbọ́n.

Ní ìsinmi Àjíǹde ọdún 2023, ìyá mi tí ń gbé ní Ìsẹ́yìn ránṣẹ́ sí mi pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun ti tán láti ọjọ́ méjì, òun kò sì rí irú rẹ̀ rà nítòsí. Mo ra oògùn náà, mo fi í sí àpò àyà mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí di irinṣẹ́. Ẹ gbọ́ ohun tí mo dì: sípánà mẹ́rìnlá, òòlù kan, ayùn irin kan, pláyà méjì, sukudiráfà márùn-ún, ike ọ́ìlì méjì, àti irin gbọọrọ kan tí n kò mọ ohun tí a fi ń ṣe títí di òní. Nígbà tí mo gbé àpò náà sórí ìwọ̀n ìyá ẹlẹ́ja tí ó wà nítòsí ilé wa, ó ju kílò mọ́kànlá lọ. Inú mi dùn. Mo rò pé ẹni tí ó ru irin tó báyìí, kí ni ó tún kù tí yóò bà á lẹ́rù?

Mo kúrò ní Ìjẹ̀gùn, mo gba Ìgàndo, Ìpájà àti Àyọ̀bọ̀, mo la Ìtẹ̀lẹ́ kọjá bọ́ sí Ọ̀tà, mo kọjá Ifọ̀ àti Papalantò, mo dé Abẹ́òkúta láìsí wàhálà. Láti ibẹ̀ mo dojú kọ Ìgbò-Ọrà, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ ìbejì. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lù, mo gbọ́ "pàá!" lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ṣùgbọ́n alùpùpù kò lọ mọ́. Ṣéènì ti já.

Mo tú irinṣẹ́ mi sílẹ̀ sórí koríko bí ẹni tí ó pàtẹ ọjà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè so ṣéènì pọ̀. Ohun tí mo nílò ni lọ́ọ̀kì ṣéènì kan ṣoṣo, irin kékeré tí kò tó èékánná àtàǹpàkò, tí owó rẹ̀ kò sì tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ti alùpùpù, àpò kílò mọ́kànlá náà sì ń ràn mí lọ́wọ́ láti làágùn. Ilẹ̀ ṣú mọ́ mi. Àgbẹ̀ kan tí ń ti oko bọ̀ ni ó ṣàánú mi, tí ó mú mi lọ sí abúlé rẹ̀, tí ó fún mi ní ẹní. Oorun kò kun ojú mi. Oògùn ìyá mi wà ní àyà mi, ìyá mi sì wà ní Ìsẹ́yìn.

Ó ti lé ní aago mẹ́wàá àárọ̀ kejì kí n tó wọlé tọ̀ ọ́. Ó jókòó sórí àga, ó fi ọwọ́ lé orí. Ohun tí ó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Àkànní, ṣé kò sí nǹkan tí ó ṣe ọ́ lọ́nà?" Kò bèèrè oògùn. Nọ́ọ̀sì tí ó wá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kò fi ojú dídùn wò mí. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n n kò lè gbàgbé bí ojú ti tì mí ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Nígbà tí mo padà dé Ìjẹ̀gùn, mo lọ sọ́dọ̀ bàbá mẹkáníìkì kan tí ń tún alùpùpù mi ṣe, mo ro ẹjọ́ mi fún un, mo sì tú àpò náà fún un wò. Bàbá wo àwọn irin náà títí, ó ní: "Tíṣà, ẹ má bínú o. Ẹ̀rù ni ẹ dì, ẹ kò di irinṣẹ́. Ohun gbogbo tí ó ń bà yín lẹ́rù ni ẹ wá irin fún. Ẹ kò bi alùpùpù léèrè ohun tí ó ń ṣe é."

Mo ní, "Bàbá, báwo ni a ṣe ń bi alùpùpù léèrè?"

Ó ní kí n padà wá ní ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí mo dé, ó ní kí n tẹ́ àwọn irin mi sílẹ̀, kí n fi ọwọ́ ara mi tú táyà ẹ̀yìn, kí n yọ túùbù rẹ̀ kí n sì dá a padà, kí n yọ púlọ́ọ̀gì, kí n tú ṣéènì kí n sì tún un so. Òun yóò jókòó, òun kò ní fi ọwọ́ kàn án. Irin tí mo bá lò, kí n gbé e sí apá ọ̀tún. Èyí tí n kò bá fọwọ́ kàn, kí ó wà ní apá òsì. Èyí tí mo bá wá tí n kò rí, kí n kọ ọ́ sínú ìwé. Ó gbà mí ní wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí mo parí, sípánà mẹ́rin péré ni ó wà ní apá ọ̀tún nínú mẹ́rìnlá: 10, 12, 14 àti 17. Ohun tí mo kọ sínú ìwé sì jẹ́ mẹ́fà.

Ìdánwò yìí ni mo fẹ́ kí arákùnrin wa ti Ìkòtún kọ́kọ́ ṣe. Kò gba owó, kò sì sí ẹni tí yóò ṣe é tí kò ní kọ́gbọ́n. Nọ́ńbà sípánà tirẹ̀ lè yàtọ̀ sí tèmi, nítorí oríṣiríṣi ni alùpùpù. Lẹ́yìn èyí, kí ó bi irin kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkínní: ṣé ohun tí irin yìí ń tún ṣe ti bàjẹ́ rí lára alùpùpù mi, tàbí ó sábà máa ń bàjẹ́ lára irú rẹ̀? Èkejì: ṣé èmi fúnra mi mọ̀ ọ́n lò? Irin tí ọwọ́ rẹ kò mọ̀ kò yàtọ̀ sí òkúta. Ẹ̀kẹta: ṣé mo lè rí ẹni tí yóò bá mi ṣe é lójú ọ̀nà? Láti Ìjẹ̀gùn dé Abẹ́òkúta, kò sí ibùsọ̀ tí kò ní fọkanáísà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Abẹ́òkúta, igbó ń gùn, ìlú ń jìnnà sí ìlú. Ibi tí kò sí ẹni ni kí a di irinṣẹ́ fún.

Ẹ̀yí ni ohun tí ó wà nínú àpò tèmi nísinsìnyí. Sípánà mẹ́rin náà àti èyí tí a fi ń yọ púlọ́ọ̀gì. Sukudiráfà kan tí ó ní orí méjì. Pláyà kan, èyí tí àwọn bàbá wa ìbá pè ní ẹ̀mú. Irin méjì tí a fi ń ṣí táyà, pọ́ǹpù kékeré kan, túùbù tuntun kan, àti ìlẹ̀mọ́ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì kan, lọ́ọ̀kì ṣéènì méjì, fíúsì méjì, wáyà rírọ̀ gígùn apá kan, téèpù dúdú, tọ́ọ̀ṣì àti àkísà. Gbogbo rẹ̀ kò tó kílò mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí n fi àlàyé díẹ̀ kún un. Bí táyà bá jò lójú ọ̀nà, túùbù tuntun ni kí ẹ fi sí i. Ẹ fi ìlẹ̀mọ́ sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá dé ilé, àfi bí èkejì bá tún jò. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi túùbù tuntun sí i, ẹ fi àkísà ra inú táyà náà yípo, nítorí ìṣó tí ó gún ti àkọ́kọ́ lè ṣì wà níbẹ̀ tí ó ń dúró de èkejì. Bí ẹ bá ń fi lọ́ọ̀kì sí ṣéènì, orí rẹ̀ tí ó dì ni kí ó kọjú sí ibi tí ṣéènì ń yí lọ, kí èyí tí ó là wà lẹ́yìn. Bí ẹ bá yí i padà, ó lè yọ. Ní ti kébù kilọ́ọ̀ṣì, ẹ má ṣe dì í sínú àpò rárá. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín tẹ́ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ so ó mọ́ ọn. Bí ti àtijọ́ bá já, ẹ ó kan fi orí èkejì bọ̀ ọ́ ni. Irin wúwo kí ó wà nísàlẹ̀, kí ó sì sún mọ́ ìjókòó. Bí ó bá wà lókè lẹ́yìn pátápátá, iwájú alùpùpù yóò fúyẹ́, kò ní gbọ́ràn síni lẹ́nu nínú iyanrìn.

Ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má dì: epo bẹntiróòlù nínú ike. Àwa ará Ìjẹ̀gùn kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí a ó kọ́ ní ọ̀rọ̀ iná. Ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 2008, katakata tí ń ṣe ọ̀nà gún páìpù epo ní àdúgbò wa yìí, iná sọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Ẹni tí ó rántí ọjọ́ náà kò ní so ìgò epo mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Ẹ kún táńkì ní Abẹ́òkúta, kí ẹ tún kún un bí ẹ bá ti rí ilé epo lójú ọ̀nà, kí ó má tíì tán.

Àṣíborí ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fi ọwọ́ líle mú òfin àṣíborí, àwọn ọlọ́kadà kan ní ilẹ̀ wa dé igbá sórí, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó di irin mẹ́rìnlá tí kò mọ̀ ọ́n lò, kí ni ó fi sàn ju ẹni tí ó dé igbá lọ? Igbá lè tan ẹ̀ṣọ́ jẹ, kò lè tan ilẹ̀ jẹ bí a bá ṣubú.

Ẹ má ṣe rò pé ẹrù kékeré kò lè gbé ni jìnnà. Àwọn àgbà mọ orúkọ Ọlábísí Àjàlá, ẹni tí Olóyè Ebenezer Obey kọrin nípa rẹ̀. Ní ọdún 1952 ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà ó gun Vespa kiri ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ tí ó jáde ní 1963. Ní ọdún 2022, Kúnlé Adéyanjú, ọmọ ẹgbẹ́ Rotary, gun alùpùpù láti London wá sí Èkó láti kó owó jọ fún ìgbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ni ó gbéra, ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ni ó wọlé, ọjọ́ 41 gbáko. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tí ó lè di ilé mẹkáníìkì sẹ́yìn. Ohun tí ó bá pọn dandan ni arìnrìn-àjò ń dì. Ìyókù wà lọ́wọ́ Ọlọ́run àti ọmọ ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ tí ó fún mi ní ẹní ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Nítorí náà, arákùnrin mi ti Ìkòtún, ìyàwó rẹ jàre. Ṣùgbọ́n ìwọ náà kò jẹ̀bi, nítorí ẹni tí ó fẹ́ múra sílẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ṣe ìdánwò Sátidé náà níwájú ilé rẹ, kí ìyàwó rẹ jókòó tì ọ́, kí òun máa gbé irin sí ọ̀tún àti sí òsì. Nígbà tí ẹ bá fi máa parí, ìjà yóò ti tán, àyè aṣọ òkè yóò sì ti yọ. Bí o bá sì ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn, bá mi ra fìlà kan bọ̀. Màá san owó rẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.

Èmi ni ti yín nítòótọ́,
Tíṣà Ìjẹ̀gùn