Àádùn Kì Í Ṣe Ẹ̀bùn Ìṣẹ́

Ọ̀rọ̀ owó tí a ń dá fún ẹ̀bùn ló gbé wa dé lónìí. Ẹ fara balẹ̀ kà á tán ná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa.

Bí sáà àṣekágbá bá ti ń kanlẹ̀kùn, irú àtẹ̀jíṣẹ́ tó máa ń wọlé sórí WhatsApp kíláàsì kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ san owó kéèkì. Ẹ san owó sọ́fúníà. Ẹ san owó ẹ̀bùn àwọn olùkọ́. Bó bá di ọjọ́ kẹta, wọ́n á lẹ orúkọ àwọn tí kò tíì san síta bí ẹni pé olè ni wọ́n. Ti ọjọ́ ìbí tún wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ tí kò bá gbé kéèkì tí wọ́n kọ orúkọ sí wá, tàbí àpótí ẹ̀bùn tí wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù dì, tàbí òdòdó tí wọ́n fi owó bébà ṣe, wọ́n á ní kò nífẹ̀ẹ́. Ta ló ṣe òfin yìí? Ìgbà wo la jókòó tí a fẹnu kò sí i?

Ohun tí a fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Ẹ jẹ́ ká fòpin sí owó ẹ̀bùn ọ̀ranyàn nínú ẹ̀ka wa, ká sì padà sí ẹ̀bùn tí a fi ọwọ́ ara wa sè, tí a fi ọwọ́ ara wa dín, tí a fi ọwọ́ ara wa yan. Kì í ṣe pé a láhun. Bí a ṣe ń ṣe é báyìí ló ń lé àwọn kan jáde láàárín wa.

A mọ akẹ́kọ̀ọ́ tó fi gààrí àti omi tútù sún ọjọ́ mẹ́ta kí ó lè rí owó kéèkì san. Ó jẹ nínú kéèkì náà lóòótọ́, ègé kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. A mọ àwọn mìíràn tí wọn kò rí i san rárá. Ní ọjọ́ àríyá, a wá wọn tì. Wọn kò sí nínú fọ́tò tí gbogbo kíláàsì yà, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́rin la jọ fi jókòó nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan náà. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Àríyá tí a fi owó dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, àríyá ta ni?

Ẹ sì wo àsìkò tí a wà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ gbẹ́sẹ̀, oúnjẹ náà gbẹ́sẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà 2024, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ kéde pé iye tí wọ́n ń ta oúnjẹ ti fi ju ìdá 40 nínú 100 lọ lórí ti oṣù Kẹfà ọdún tó ṣáájú. Owó tí àwọn òbí wa ń fi ránṣẹ́ kò gbẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀. Sàpá ń na tọmọdé tàgbà lẹ́gba, àwa wá jókòó, à ń bú ọmọ ẹlòmíràn torí kò san owó kéèkì.

Èyí tó tiẹ̀ dùn wá jù ni pé ẹ̀kọ́ Yorùbá la ń kọ́. Bí wọ́n bá bi wá nínú ìdánwò pé kí ni àwọn ohun èlò ìsọmọlórúkọ, a óò kà wọ́n wóróró: omi, iyọ̀, oyin, epo, obì, orógbó, ataare, ìrèké, àádùn. A óò ṣàlàyé pé wọ́n ń fi àádùn wúre kí ayé ọmọ náà lè dùn. Máàkì á pé. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti po àádùn rí? Àgbàdo yíyan tí a lọ̀, tí a fi epo pupa pò, ni wọ́n fi ń kí ọmọ tuntun káàbọ̀ sáyé. Bí ó bá tó ọmọ tuntun, tí ó tó bàbá àti ìyá rẹ̀ àti gbogbo àlejò tó wá bá wọn yọ̀, báwo ni kò ṣe ní tó olùkọ́ wa?

Ẹ rò ó wò. Oúnjẹ ni ẹ̀bùn wa látilẹ̀wá. Isu àti oyin kì í wọ́n níbi ìdána. Bí arúgbó bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á dín àkàrà, wọ́n á pín in kárí àdúgbò. Bí Iléyá bá dé, ẹran àgbò ń wọ ilé Kìrìsìtẹ́nì. Bí Kérésìmesì bá dé, àwo ìrẹsì ń wọ ilé Mùsùlùmí. Kò sí ẹni tó ń wo orúkọ ilé ìtajà tó wà lára àwo náà kí ó tó mọ̀ pé wọ́n rántí òun.

Àkàrà yìí kan náà tí àwa ń pè ní oúnjẹ ojú títì, àwọn baba ńlá àti ìyá ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Bàhíà ní Bùràsílì. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní. Oúnjẹ Ọya ni, àwọn obìnrin tó ń dín in sì ń wọ aṣọ funfun jókòó sí ìgboro Salvador. Ní 2005, ìjọba Bùràsílì kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí sínú ìwé ohun ìní àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. Ẹ̀wà, àlùbọ́sà, iyọ̀ àti epo pupa. Àwọn tó wà lókè òkun mọ iyì rẹ̀. Àwa tó ni ín ń fi ojú ìṣẹ́ wò ó.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán la ń sọ. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ṣe é.

Àádùn: ẹ ra àgbàdo gbígbẹ kóńgò kan. Ẹ ṣà á, ẹ yan án nínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná tí kò le, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi pọ́n dáadáa tí òórùn rẹ̀ yóò gba yàrá. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀rọ, kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná ní gbígbẹ. Ẹ yọ́ epo pupa díẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ wá máa dà á sórí ìyẹ̀fun náà díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ àti ata gígún, títí tí ẹ bá fún un lọ́wọ́ tí kò fi ní túká. Ẹni tó bá fẹ́ kó dùn sí i lè fi oyin tàbí ṣúgà sí i. Kóńgò kan yìí á pọ̀ débi pé gbogbo olùkọ́ ẹ̀ka kékeré á rí tiwọn gbà.

Róbó: ẹ lọ egúsí, ẹ fi ata, àlùbọ́sà díẹ̀ àti iyọ̀ sí i. Ẹ gún un títí epo inú rẹ̀ yóò fi máa jáde. Ẹ fún epo náà kúrò, ẹ fi kún èyí tí ẹ máa fi dín in. Ẹ rọ egúsí náà róbótó róbótó, ẹ dín in títí yóò fi le.

Ìpékeré: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n, iyọ̀, epo gbígbóná, ọ̀bẹ tó mú. Ẹ gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá dín in tán, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dì í. Ooru tó bá há sínú ọ̀rá ló máa ń sọ ọ́ di rírọ̀. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín bá sì ti pọ́n kọjá ààlà, ẹ má dà á nù. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ rí mọ dòdò Ìkirè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ jù náà ni wọ́n fi ata àti iyọ̀ sí, tí wọ́n dín, tí wọ́n mọ, tí ìlú kan sì fi gba orúkọ lọ́wọ́ gbogbo arìnrìn-àjò.

Ìgò mílíìkì tàbí ti jáàmù tí ẹ fọ̀ tó gbẹ dáadáa ni kí ẹ kó wọn sí. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ fẹ́ fún sí i lára. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i, iṣẹ́ wa kúkú ni.

Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó ń fi Indomie sùn, tó ń fi Indomie jí, kò lè rí okun dín róbó fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kó ara yín jọ ní mẹ́rin mẹ́rin, kí ẹ jọ máa ra ẹ̀wà, kí ẹ jọ máa sè é. Ẹ rẹ ẹ̀wà náà sómi mọ́jú, ẹ da omi rẹ̀ nù. Ẹ fi omi tuntun sè é fún bí ìṣẹ́jú 10, ẹ pa iná, ẹ dé ìkòkò pinpin, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan kí ẹ tó tún tan iná sí i. Gáàsì tó máa jó á dín kù. Bó bá jẹ́ àsìkò àgbàdo tútù, ẹ rẹ́ ẹ sí i, ẹ fi epo, ata, àlùbọ́sà àti edé sí i, àdàlú dé nìyẹn. Ẹ ṣe ìṣirò iye tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wé páálí Indomie méjì àti ẹyin kan, tí ebi á tún pa yín kí ilẹ̀ tó ṣú.

A ti ń gbọ́ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní a kò ní ráyè. Wákàtí tí a ń lò níbi tí a ti ń bára wa jà lórí WhatsApp nítorí owó ìdájọ, ṣé kò tó yan àgbàdo? Wọ́n á ní ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ kò gba iná sísè. Òótọ́ ni, ẹ má sì rú òfin náà, iná kì í ṣe ohun eré. Ṣùgbọ́n nínú ẹni mẹ́rin, ẹnìkan á wà tó ń gbé ìta ọgbà, tàbí tí ilé àwọn òbí rẹ̀ kò jìnnà.

Wọ́n á ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, ta ló máa jẹ oúnjẹ ẹni tí kò mọ̀? Ìbẹ̀rù yìí nídìí, a kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó mọ̀ yín ni kí ẹ fún. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é sára ìgò, ẹ kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, pàápàá bí ẹ̀pà bá wà níbẹ̀, nítorí ẹ̀pà ń bá àwọn kan jà. Ẹ fọ ọwọ́ yín. Bí olùkọ́ kan bá ní òun kò gba oúnjẹ, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ẹ kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí i. Lẹ́tà kò gba ìdájọ.

Ẹ̀yin ọkùnrin inú wa, ẹ má wá ibi sá sí. A kò sọ pé kí àwọn obìnrin kíláàsì wọlé lọ sè, kí ẹ̀yin wá jókòó máa yà fọ́tò. Àgbàdo yíyan kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Bí ó bá jẹ́ pé obìnrin nìkan ni yóò máa ṣe é, ìyà tí a lé níwájú ni a tún gbà wọlé láti ẹ̀yìn.

A kò sì bá àwọn akẹgbẹ́ wa tó ń ta kéèkì jà. Òwò wọn ni wọ́n fi ń san owó ilé ìwé, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ kó máa rà lọ́wọ́ wọn, àádùn pàápàá, wọ́n lè máa tà á. Ọ̀ranyàn la kọ̀.

Bí a bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní, "Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Sàpọ́n." Ẹnu akúṣẹ̀ẹ́ ni wọ́n máa ń fi òwe yìí pa. Wọ́n á fi sọ fún un pé kí ó jókòó sí àyè rẹ̀. Ẹ tún un gbọ́ dáadáa. Òwe náà kò sọ pé kí ẹni tí kò ní má ṣe. Ó ní kí ó ṣe, ṣùgbọ́n kó jẹ́ bí agbára rẹ̀ ti mọ.

Ohun tí a ń béèrè kò ju mẹ́ta lọ. Ìkíní, kí àwọn aṣojú kíláàsì má ṣe lẹ orúkọ ẹnikẹ́ni síta mọ́ nítorí owó ẹ̀bùn. Ìkejì, ní ìparí sáà yìí, kí a pín ara wa sí ọ̀wọ́ mẹ́rin mẹ́rin, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan gbé ohun kan tí wọ́n ṣe wá, kí ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ mú ọwọ́ tí yóò fi rò ó wá. Ìkẹta, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sí wa lọ́dún yìí, ẹ má fi owó kéèkì ránṣẹ́. Ẹ bá wa ra ìkòkò ńlá kan, ààrò gáàsì kan, àti àpò ẹ̀wà kan fún ẹ̀ka wa. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa náà á rí i lò.