Ètò Kọ̀ǹpútà Àrà-Lọ́jà: Ẹ Jẹ́ Kí A Dán An Wò Kí A Tó Gbé Owó Ará Ìlú Lé E

Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ọdún 2024, mélòó kan nínú àwọn báǹkì ńláńlá orílẹ̀-èdè wa pa ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò owó àwọn oníbàárà tì, wọ́n sì gbé òmíràn wọlé. Fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí owó wọn gbà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò rí i fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ ń gbé ní Kánò, ní Jọ́ọ̀sì tàbí ní Kàdúná, tí ẹ ń fi fóònù fi owó ránṣẹ́ sílé, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ kí a sọ ohun tí irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀ fún yín.

Irú ètò tí ọ̀pọ̀ báǹkì ń lò jẹ́ èyí tí a ti ṣe sílẹ̀ fún títà. Finacle wá láti ilẹ̀ Íńdíà, Flexcube sì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Oracle ti Amẹ́ríkà. Kò sí àṣìṣe nínú rírà wọn, nítorí pé kíkọ irú ètò bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ń gba ọdún púpọ̀ àti owó gọbọi. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a rán sílẹ̀ fún ọjà kò mọ ìwọ̀n ẹnikẹ́ni. Dandan ni kí a so ètò tuntun mọ́ káàdì, mọ́ fóònù, àti mọ́ ọ̀nà tí owó ń gbà láti báǹkì kan dé òmíràn. Ojú ìsopọ̀ wọ̀nyí ni wàhálà máa ń fara pamọ́ sí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Ariane 5, rọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn ará Yúróòpù, fi èyí hàn gbangba. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996, wọ́n ta á sí òfuurufú láti Kourou ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí ó fi fọ́ yángá. Ìwádìí fi hàn pé wọ́n mú ètò kọ̀ǹpútà kan tí ó ti ṣiṣẹ́ dáradára nínú Ariane 4, wọ́n sì gbé e sínú ti tuntun. Ìyára Ariane 5 sí ìbú pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì gba àyè tí ètò àtijọ́ pèsè. Kọ̀ǹpútà kejì tí ó yẹ kí ó gba iṣẹ́ ń lo ètò kan náà, òun náà sì dákẹ́. Wọn kò fi irú ìrìn Ariane 5 dán ètò náà wò lórí ilẹ̀. Ẹni iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Nítorí náà, pé ètò kan ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn kì í ṣe ẹ̀rí pé yóò ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ó yẹ kí báǹkì, àti ìjọba ìpínlẹ̀ tí ń ra ètò owó oṣù tàbí owó orí, fi ẹrù ìparí oṣù dán an wò. Kí ètò àtijọ́ àti tuntun kọ́kọ́ jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, kí a sì fi ìṣirò wọn wéra. Kí a mọ ẹni tí yóò tún un ṣe bí olùtà bá kógbá wọlé, kí ọ̀nà àtipadà sẹ́yìn sì wà.

Ẹ̀yin oníbàárà pẹ̀lú, bí báǹkì bá kéde ọjọ́ ìyípadà, ẹ má fi gbogbo owó yín sí ojú kan. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.