Ọkọ̀ Ọlọ́yẹ́ àti Ọyẹ́ Òkè-Ògùn

Láyé àwọn bàbá wa, ọkọ̀ tó bá ní ẹ̀rọ amúlétutù, ọkọ̀ ọlọ́yẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ á máa jẹ̀gbádùn ọyẹ́ nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń jó gbogbo ayé lójú títì. Orúkọ yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, torí pé ọyẹ́ gan-an, èyí tó ń gbẹ wá létè tó ń là wá lẹ́sẹ̀ ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, wà lára ohun tó lè mú kí ọkọ̀ tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ṣì máa dán. Ọlọ́run fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, a ò sì mọyì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Buick Riviera ọdún 1963 ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì ni, ọkọ̀ àwọn tó rí já jẹ ní Amẹ́ríkà. Bill Mitchell ló jẹ́ olórí àwọn tó ń ya ọkọ̀ ní General Motors nígbà náà, 40,000 péré ni wọ́n sì ṣe lọ́dún yẹn. Iye rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 4,333. Ẹni tó bá fẹ́ kó jẹ́ ọlọ́yẹ́ á tún fi owó lé e. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 6.6, agbára ẹṣin 325. Ẹ fi wé Píjò 404 tó gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ wa láyé ìgbà náà: ẹ́ńjìnnì lítà 1.6. Ká kó Píjò mẹ́rin jọ kó tó lè bá Riviera kan dọ́gba! Ọ̀jẹun sì ni, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà ni lítà epo kan ń gbé e.

Títí di òní, àwọn kan lára ọkọ̀ wọ̀nyí ṣì wà ní Amẹ́ríkà tí ọ̀dà tí wọ́n fi kùn wọ́n ní iléeṣẹ́ kò tíì ṣí. Àwọn mìíràn tí wọ́n jọ jáde lọ́jọ́ kan náà ti di eruku. Kí ló fa ìyàtọ̀? Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ibi tí ọkọ̀ gbé ni. Èyí tó lo ayé rẹ̀ ní ìhà àríwá, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́, abẹ́ rẹ̀ ti jẹ tán tipẹ́. Èyí tó gbé ní Arizona, ní aṣálẹ̀, ara rẹ̀ le koko.

Ìdógùn-ún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Iná mànàmáná kékeré ni. Bí omi bá kán sórí irin, apá kan lára irin yẹn á máa tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀, apá kejì, níbi tí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ti ń wọnú omi náà, á máa gbà á. Bí iná náà ṣe ń rìn ni irin ń yọ́, ohun tó sì ń ṣẹ́kù ni ìyẹ̀fun pupa tí gbogbo wa mọ̀. Iyọ̀ kọ́ ló ń dá a sílẹ̀, iyọ̀ kàn ń la ọ̀nà fún iná yẹn láti sáré ni. Ìkòkò aluminiọ̀mù tó wà ní kíṣìnnì yín, òun náà ń bá ọ́síjìn pàdé, àmọ́ ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde ń bò ó lára bí aṣọ. Irin ò rí irú oore yẹn gbà. Ìdógùn-ún tirẹ̀ wú, ó ní ihò, ó ń ṣí, omi á tún gba abẹ́ rẹ̀ wọlé lọ bá irin tuntun.

Nítorí náà, bí omi ò bá sí, kò sí iná, kò sì sí ìdógùn-ún. Kò tiẹ̀ dìgbà tí òjò bá rọ̀. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti lé ní nǹkan bí ìdá 60 nínú 100, omi tín-ínrín tí ojú ò lè rí á ti lẹ̀ mọ́ irin, pàápàá tí eruku tàbí iyọ̀ bá ti wà lára rẹ̀.

Ó yá, ẹ wo àwòrán ilẹ̀ wa. Ní Èkó, òkun àti ọ̀sà ló yí yín ká, afẹ́fẹ́ tútù yí ọdún ká, iyọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ìsẹ́yìn jìnnà sí òkun tó nǹkan bí 170 kìlómítà, Ṣakí tó 250. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa. Nígbà ọyẹ́, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lè já wálẹ̀ kọjá ìdá 30 nínú 100 lọ́sàn-án. (Ẹ dákun, Òkè-Ògùn la wí o, odò Ògùn tó ń ṣàn láti agbègbè Ṣakí lọ sí ọ̀sà Èkó. Kì í ṣe Ògún, òrìṣà onírin. Àmì ohùn ló yà wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti onírin ì bá bá ọ̀rọ̀ mi mu ju bẹ́ẹ̀ lọ.)

Mi ò sọ pé Òkè-Ògùn jẹ́ aṣálẹ̀. Òjò ń rọ̀ dáadáa lọ́dọ̀ wa láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, ọkọ̀ tí ẹ bá sì gbé sínú koríko láìsí òrùlé, abẹ́ rẹ̀ á jẹ. Oòrùn àti ọyẹ́ tó ń dá irin sí tún ń ba rọ́bà jẹ́. Ìtànṣán oòrùn àti ósóònù inú afẹ́fẹ́ ń já okùn tó so rọ́bà pọ̀, ìdí nìyẹn tí táyà tó dúró sójú kan fi ń là yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Èkúté ń jẹ wáyà. Èyí tó burú jù ni iná ọ̀dàn: ní oṣù Kìn-ín-ní, bí àwọn ọdẹ bá tiná bọ koríko, ọkọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé lè jóná kí ẹni tó ni ín tó jí. Àmọ́ táyà ṣeé rà. Wáyà, àwọn rẹ́wáyà wà fún un. Abẹ́ ọkọ̀ tó ti jẹ ló ń sọ gbogbo nǹkan di àròkàn.

Ẹnì kan á ní, "Ti Cuba ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni. Erékùṣù ni Cuba, òkun ló yí i ká, síbẹ̀ àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó ti débẹ̀ ṣáájú kí Amẹ́ríkà tó dẹ́kun títa ọjà fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí 1969 ṣì ń gbé èrò ní Havana. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ ló dá wọn sí, ọwọ́ ni. Àwọn mẹkáníìkì ibẹ̀ kò rí sípéà pátì rà, wọ́n bá ń rọ ọ́ fúnra wọn, wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì dísù ọkọ̀ mìíràn sínú rẹ̀. Ilẹ̀ náà kúkú nìyẹn tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú ti ń bọ Ògún títí dòní. Wọ́n ní ọwọ́, wọn ò ní afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Àwa ní méjèèjì: afẹ́fẹ́ gbígbẹ wà, àwọn alágbẹ̀dẹ àti pánẹ́bítà tó dáńtọ́ wà.

Kí wá là ń fi ṣe? À ń gbé ọkọ̀ sórí òṣùwọ̀n.

Ní agboolé wa ní Ìsẹ́yìn, Píjò 404 kan wà tí bàbá àgbà fi owó tábà rà. Ó ti pẹ́ tó ti wà lórí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ti wá lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní iye kìlò tó bá wọ̀n làwọn máa san. Ọkọ̀ tí kò ju tọ́ọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ! Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi méjì ti gbà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn o, àmọ́ mo mú òòfà, mo dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ náà. Níbi tí irin bá wà, òòfà á lẹ̀ mọ́ ọn. Níbi tí ìdógùn-ún bá ti jẹ ẹ́ tán tàbí tí pánẹ́bítà ti fi pọ́tì dí i, á já bọ́. Yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn kan, ó lẹ̀ níbi gbogbo. Irin tí Faransé rọ ṣì wà níbẹ̀. Tí a bá tà á, wọ́n á yọ́ ọ, á di rọ́ọ̀dù ìkọ́lé.

Ìsẹ́yìn kan náà ni wọ́n ti ń fi sányán ìyá àgbà sínú àpótí, pẹ̀lú kánfọ̀, tí ọmọ ọmọ á fi gbé e jáde lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ta ló ń wọn sányán ní kìlò?

Mo mọ àtakò wọn. Wọ́n ní epo ti wọ́n. Òótọ́ ni, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni máa fi gbérò lọ sí Ìbàdàn. Ọkọ̀ ìgbà yẹn kò tiẹ̀ dáàbò bo ènìyàn tó: lọ́dún 1965 ni Ralph Nader kọ ìwé rẹ̀ *Unsafe at Any Speed* láti fi bá àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà jà lórí èyí. Epo ìgbà náà ní òjé nínú, òjé yẹn sì ń dáàbò bo ìjókòó fáàfù ẹ́ńjìnnì. Májèlé ni fún ọpọlọ ọmọdé, ó sì dára bí ìhà wa ní Áfíríkà ṣe yọ ọ́ kúrò nígbà tí ọdún 2006 fi máa bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kára nílò ìjókòó fáàfù tó le. Àmọ́ ká tọ́jú nǹkan yàtọ̀ sí ká máa gùn ún lójoojúmọ́.

Òmíràn tún wà: tí èyí tó wà nílẹ̀ bá ti lọ, ó ṣòro ká rí irú rẹ̀ mọ́. Ó ti pẹ́ tí àlòkù ọkọ̀ tó lé ní ọdún 15 ti wọnú àkọsílẹ̀ ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà wọlé, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 sì ni ìjọba ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀. Ṣakí tó súnmọ́ Benin, tó mọ tòkunbọ̀ ju ilé ẹ̀kọ́ lọ, mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọkọ̀ tó lókìkí jù tí a tọ́jú ní ilẹ̀ Yorùbá ni Mercedes dúdú tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976. Ó wà ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, l'Ékòó, pẹ̀lú ojú ọta ìbọn lára rẹ̀. Ó dára tó wà níbẹ̀. Àmọ́ ṣé dandan ni kí ènìyàn kú sínú ọkọ̀ kí a tó tọ́jú rẹ̀? Tí ìjọba Ọ̀yọ́ tàbí olówó kan bá sì fẹ́ kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ lọ́la, ìlú bíi Ṣakí ló yẹ kó gbé e sí, jìnnà sí ọ̀sà. Ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ á tún máa sọ ìtàn: ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí sítíárì rẹ̀ wà lápá òsì, tí awakọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fi apá òsì títì rìn níbí títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 tí a yí sí apá ọ̀tún. Ó fẹ́ ya lọ́rí silẹ̀? Èrò iwájú ló máa bá a yọjú.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ló jẹ mí lógún jù. Ọkọ̀ òde òní, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì 404: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kábúrétọ̀ rẹ̀ ṣeé tú palẹ̀ lórí tábìlì kíláàsì físíìsì, ọmọ á sì fi ojú ara rẹ̀ rí iná tó ń ta nínú púlọ́ọ̀gì. Kò sí àwòrán inú ìwé tó lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹ fa epo inú táǹkì gbẹ, torí pé epo tó bá pẹ́ á dì bí oje igi, á dí kábúrétọ̀. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, ẹ ro koríko àyíká rẹ̀ títí dé ilẹ̀ pupa kí oṣù Kejìlá tó dé nítorí iná. Ẹ má fi rọ́bà dì í pinpin, ọ̀rinrin á há sínú. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí i. Kí òrùlé sì wà lórí rẹ̀. Ìpàdé ẹbí wa di ọjọ́ kẹta Iléyá. Mo ti ra pánù mẹ́wàá, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgòrò.