Àfikún Àpọ̀jù: Kíkó Gbogbo Rẹ̀ Sílẹ̀ Tàbí Dída Káàdì Nù, Kò Sí Ẹ̀kẹta

Nínú irú póókà tí wọ́n ń pè ní no-limit Texas Hold'em, òfin sọ iye tó kéré jù tí ènìyàn lè fi kún owó, kò sọ iye tó pọ̀ jù. Bí owó dandan tábìlì, èyí tí wọ́n ń pè ní blind, bá jẹ́ 50 àti 100, ẹni tó fẹ́ dá eré sílẹ̀ sábà máa ń gbé 200 sí 300 kalẹ̀. Ẹni tó bá gbé 800 kalẹ̀ nígbà tí wọn kò tíì ṣí káàdì kankan sáàárín tábìlì ti ṣe àfikún àpọ̀jù, kò sì rú òfin. Kí ló yẹ kí ẹni tó mú káàdì rere lọ́wọ́ ṣe sí i nínú ìdíje? Fún ẹni tí ṣípù rẹ̀ (àmì tó dúró fún owó) kò ju ìlọ́po 30 blind ńlá (100) lọ, ọ̀nà méjì péré ló wà: kó kó gbogbo ṣípù rẹ̀ sílẹ̀, tàbí kó da káàdì rẹ̀ nù. Kí ó bá a san 800 náà kí wọ́n lè jọ wo ohun tó máa jáde, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí sùúrù, àṣìṣe gbáà ni.

Ní Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè, kì í ṣe póókà, ayò ọlọ́pọ́n àti wọ́ọ̀tì ni wọ́n bá nílẹ̀. Orí fóònù ni ẹni tó bá ń wá póókà ti lè rí i, tàbí lọ́dọ̀ ẹbí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń ta á ní Hippodrome ní Leicester Square àti ní The Vic ní Edgware Road. Ìtàn tó gbé eré náà káàkiri ayé ni ti Chris Moneymaker, akáǹtáǹtì kan láti Tennessee ní Amẹ́ríkà. Ní 2003, ó gba tíkẹ́ẹ̀tì ìdíje ńlá World Series of Poker nínú ìdíje kékeré kan tó fi $86 wọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó ìwọlé ìdíje ńlá náà jẹ́ $10,000, ènìyàn 839 ló wọ̀ ọ́, òun ló sì kó $2,500,000 lọ sílé. Ìtàn yẹn dùn létí, ṣùgbọ́n ó ti ba nǹkan jẹ́, nítorí ó mú kí àwọn ènìyàn máa rò pé ìgboyà nìkan ló ń gba ìdíje. Ọ̀ta ayò kì í gbé ọmọ inú ihò láì kà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí wọ́n gbé 800 kalẹ̀ níwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka owó.

Bí a bá ro 800 náà pọ̀ mọ́ owó dandan méjèèjì, 950 ló wà nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ san 800 kó lè gba 950 gbọ́dọ̀ máa borí ní nǹkan bí ìgbà 46 nínú 100 kó tó lè bọ́ lọ́wọ́ àdánù. Ká ní 250 ni wọ́n gbé kalẹ̀ ni, 400 ni ì bá wà nílẹ̀, ìgbà 38 tàbí 39 nínú 100 ì bá sì tó. Àfikún àpọ̀jù ti sọ káàdì di ọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó rí nǹkan kan. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ṣípù tó kù. Ẹni tó ní 3,000, tó sì san 800, ti ná ju ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan lọ. 2,200 ló kù sí i lọ́wọ́, 1,750 ló sì wà nílẹ̀. Kò ní owó tó lè fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ti fi sílẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jù nù lọ.

Jáàkì méjì ló fi ìyà yìí hàn jù. Nígbà tí wọ́n bá ṣí káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́, ní ìgbà 57 nínú 100, Kuíìnì, Kíǹgì tàbí Éésì á wà láàárín wọn. Ẹni tó rọra san 800 á wá jókòó, á máa wo Kíǹgì kan lórí tábìlì, alátakò á tún gbé owó kalẹ̀, kò sì ní mọ̀ bóyá iwájú lòun wà tàbí ẹ̀yìn. Kuíìnì méjì pàápàá ń bá irú rẹ̀ pàdé ní ìgbà 41 nínú 100. Ti ẹni tó mú Éésì pẹ̀lú Kíǹgì tún yàtọ̀: ní bí ìgbà méjì nínú mẹ́ta, káàdì mẹ́ta náà kò ní mú Éésì tàbí Kíǹgì kankan wá, káàdì tó dára jù ú lọ díẹ̀ péré á sì lé e kúrò nídìí owó rẹ̀. Gbogbo wọn ló lágbára kí wọ́n tó ṣí káàdì. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí a ná agbára náà.

Bí ó bá wá kó 3,000 rẹ̀ sílẹ̀ ńkọ́? Ká gbà pé méjì irú kan náà ló wà lọ́wọ́ alátakò, láti mẹ́sàn-án méjì dé Éésì méjì, tàbí Éésì pẹ̀lú Kíǹgì, tàbí Éésì pẹ̀lú Kuíìnì. Ká sì gbà, kí ọ̀ràn lè le jù, pé kò ní sá rárá. Owó ilẹ̀ á di 6,150, èyí tó túmọ̀ sí pé ìgbà 49 nínú 100 ló gbọ́dọ̀ máa borí. Sí irú àwọn káàdì wọ̀nyẹn, Jáàkì méjì ń borí ní bí ìgbà 50 nínú 100, Kuíìnì méjì ní bí 57 tàbí 58, Éésì pẹ̀lú Kíǹgì ní bí 49. Kíǹgì méjì àti Éésì méjì kò ní àríyànjiyàn nínú. Ìyẹn ni pé káàdì tó kéré jù nínú wọn kò pàdánù bí alátakò bá tilẹ̀ ṣe orí kunkun. Nígbàkigbà tí alátakò bá sì sá, 950 wọlé láìjà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta ohun tí ẹni náà ní. Ẹni tó bánisan lásán kì í rí owó yìí gbà láéláé, torí kò fún ẹnikẹ́ni láàyè láti sá.

Ìṣirò kan náà ló dá mẹ́wàá méjì àti Éésì pẹ̀lú Kuíìnì lẹ́jọ́, ibẹ̀ ló sì ti máa ń dun ènìyàn. Mẹ́wàá méjì kò ju bí ìgbà 44 lọ, Éésì pẹ̀lú Kuíìnì kò ju bí 36. Àfi tí ẹni náà bá mọ̀ dájú pé alátakò máa ń sá, kó dà wọ́n nù, kó má ṣe wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Pé káàdì náà lẹ́wà kò sọ pé owó rẹ̀ pé.

Àwọn tó ń gbèjà bíbánisan ní àwáwí mẹ́ta. Wọ́n ní àfikún ńlá túmọ̀ sí pé Éésì méjì ló wà lọ́hùn-ún. Ọ̀nà mẹ́fà péré ni Éésì méjì fi lè dé ọwọ́ ènìyàn nínú ọ̀nà 1,326. Ìgbà kan nínú 221 nìyẹn. Bí ẹnì kan bá mú Jáàkì méjì, ọ̀nà 18 ló wà fún alátakò láti ní Kuíìnì, Kíǹgì tàbí Éésì méjì, ọ̀nà 32 ló sì wà fún un láti ní Éésì pẹ̀lú Kíǹgì tàbí Éésì pẹ̀lú Kuíìnì. Ẹni tó mú Éésì méjì ń wá oníbàárà ni, kò ní ìdí tó fi yẹ kó máa lé wọn. Àwáwí kejì ni pé ó yẹ kí a fi Éésì méjì pamọ́, kí a fi dẹ pańpẹ́. Sí ẹnì kan tó mú káàdì èyíkéyìí, Éésì méjì ń borí ní ìgbà 85 nínú 100. Sí ẹni mẹ́rin, bí 56 ni. Ẹni tó bánisan ní jẹ́jẹ́ ti ṣílẹ̀kùn fún gbogbo àwọn tó kù lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kẹta kì í ṣe àwáwí gidi, ìbínú ni: 800 dà bí àrífín, ọwọ́ á sì yá sí ṣípù kí orí tó ṣiṣẹ́. Owó ìwọlé tí ènìyàn làágùn kó tó rí kò yẹ ní ohun tí a ń fi gbẹ̀san.

Bí ṣípù bá pọ̀ gan-an, tí 10,000 wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kuíìnì méjì sókè àti Éésì pẹ̀lú Kíǹgì lè fi owó kún un dé bíi 2,200. Ibẹ̀ nìkan ni bíbánisan ti ní ààyè, fún méjì kéékèèké bíi márùn-ún méjì. Irú wọn ń rí ẹ̀kẹta wọn nínú káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan nínú bí ìgbà mẹ́jọ àbọ̀, nítorí náà owó tó wà nílẹ̀ àti èyí tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ alátakò gbọ́dọ̀ tó bíi 6,000 lápapọ̀. Ẹni tó ní 3,000 kò lè rí ju 3,150 gbà. Kí ó da márùn-ún méjì nù.

Ohun mìíràn tó lè yí ìṣirò yìí padà ni ẹ̀bùn. Nínú ìdíje, ẹni tí ṣípù rẹ̀ di ìlọ́po méjì kò ní owó ìlọ́po méjì, ẹni tí tirẹ̀ sì tán ti lọ sílé. Nígbà tó bá ku ẹnì kan tàbí méjì kí wọ́n dé ibi tí owó ti bẹ̀rẹ̀, Jáàkì méjì àti Éésì pẹ̀lú Kíǹgì, tí 50 àti 49 wọn tó tẹ́lẹ̀, kò tó mọ́ sí alátakò tí ṣípù rẹ̀ pọ̀ tó láti lé wọn jáde. Kí wọ́n dà wọ́n nù, kí wọ́n má ṣe bá a san. Ó wá le jù nínú ìdíje kékeré tí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ẹ̀bùn rẹ̀, irú èyí tí Moneymaker gbà wọlé. Bí tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá bá wà, tó sì ku ẹni mọ́kànlá, ẹni tó ní ṣípù jù àti ẹni tó wà nípò kẹwàá yóò gba ohun kan náà. Ẹni tó bá ti ní ṣípù tó láti dúró títí ẹni kọkànlá yóò fi jáde, tí wọ́n gbé àfikún àpọ̀jù kalẹ̀ níwájú rẹ̀, gbọ́dọ̀ da káàdì rẹ̀ nù bó tilẹ̀ jẹ́ Éésì méjì ló mú.