Ohun Tí Ọkọ̀ Ń Fà àti Ohun Tí Ó Ń Rù

Lónìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àmì ohùn tàbí àkọtọ́ ni mo gbé wá, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bi mí pé kí ló kan onímọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú ọ̀rọ̀ píkọ́ọ̀pù. Ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń ṣi ènìyàn lọ́nà ni iṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí mo sì fẹ́ sọ yìí lè ṣi ènìyàn lọ́nà títí dé inú kòtò ẹ̀gbẹ́ títì.

A wà níbi ìkómọjáde kan ní Houston láìpẹ́ yìí nígbà tí àbúrò wa kan gbé píkọ́ọ̀pù dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dé. Gbogbo ọmọdé tú síta lọ wò ó. Ó ti gbé ọkọ̀ náà sókè ní íǹṣì mẹ́fà. Ó ti yọ táyà tó bá a wá, ó sì ti fi òmíràn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga dé ìgbáròkó mi sí i. Ó ti ki àpò rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí nínú sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíríǹgì ẹ̀yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó máa fa ọkọ̀ tí àwọn ènìyàn wa rà ní gbàǹjo ní Dallas wá sí Houston, fún àwọn tí yóò kó o sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Ọkọ̀ méjì méjì ló sì ń fà báyìí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá so ilé mọ́ ọn, yóò fà á." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo bi í pé èló ni wọ́n kọ sí ara bébà tó wà lẹ́nu ọ̀nà awakọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ fi ti ìwé sílẹ̀ lónìí."

N kò lè fi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ara wa. Ẹni tó gbé agbọ̀n sórí, a ní ó rù ú. Ẹni tó di okùn ọrùn ewúrẹ́ mú, a ní ó ń fà á. Bí ewúrẹ́ bá kọ̀ tó dùbúlẹ̀, wíwọ́ ló kù. Kò sí ọmọ Yorùbá ọdún mẹ́ta tí yóò ṣi ọ̀kan pè sí èkejì. Inú rù yìí gan-an ni a sì ti fa ẹrù yọ: ohun tí a bá rù ni ẹrù. Ó yẹ kí ẹni tó ń sọ èdè bẹ́ẹ̀ tètè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá so nǹkan mọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù. (Tírélà ni n óò máa pe nǹkan náà. Nílé, odindi ọkọ̀ gbọọrọ tó ń kó àpótí ẹrù jáde láti Àpápá ni tírélà; níbí, kìkì ohun tí a ń fà ni.) Ọkọ̀ ń fa tírélà lóòótọ́, ṣùgbọ́n tírélà náà tún gbé apá kan ìwúwo rẹ̀ lé ọkọ̀ lẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí a ń so mọ́ bọ́ọ̀lù irin lábẹ́ bọ́ńpà, ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ ló yẹ kí ó wà lórí bọ́ọ̀lù náà. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí ọrùn rẹ̀ gùn wọnú ẹ̀yìn ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní gooseneck, ìdá 15 sí 25 ni. Apá yìí, ọkọ̀ kò fà á. Ó rù ú ni.

Bẹ́ẹ̀ ni, nínú gbogbo ìpolówó ọkọ̀ tí wọ́n ń fi hàn wá lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà, fífà ni wọ́n ń pariwo. N kò sọ pé irọ́ ni iye tí wọ́n ń pè. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí a mọ̀ sí SAE ní ìlànà kan, J2807, tí wọ́n fi ń dán ọkọ̀ wò, títí kan gígun òkè Davis Dam ní Arizona pẹ̀lú tírélà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni méjì péré ni ìlànà náà kà sínú píkọ́ọ̀pù, pọ́ùn 150 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀yin ará mi, ta ni nínú wa tó wọn pọ́ùn 150 lẹ́yìn iyán ìkómọ?

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ti àbúrò wa. Ká ní bébà ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sọ pé àwọn ènìyàn àti ẹrù inú ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju pọ́ùn 2,000 lọ, iye tí mo ti rí lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Tírélà ọlọ́rùn gígùn rẹ̀ wọn bí 4,500. Ó gbé Toyota Highlander kan lé e, bí 4,300, àti Camry kan, bí 3,300. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 12,100. Ìwé ìpolówó ní ọkọ̀ náà lè fa 15,000, nítorí náà ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún 12,100 jẹ́ 2,420, ó sì ti kọjá 2,000 kí awakọ̀ tó wọlé rárá. Ẹ wá fi òun fúnra rẹ̀ kún un, ẹ fi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kún un, àti ẹ̀wọ̀n àti jáàkì àti táyà àfirọ́pò. Bí 500 nìyẹn. Ó ti fi nǹkan bí 900 pọ́ùn kọjá ààlà, ó sì kù 2,900 kí ohun tó ń fà tó dé ibi tí ìpolówó dé. Fífà kò tíì ká a lọ́wọ́. Rírù ló ti ká a lọ́wọ́ tipẹ́.

Wọn yóò ní, "Ṣé ìdí tí a fi ra èyí tó tóbi kọ́ nìyẹn?" Níhìn-ín ni orúkọ ti ń tan ènìyàn. Àwọn Amẹ́ríkà pín píkọ́ọ̀pù sí ìlàjì tọ́ọ̀nù, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tọ́ọ̀nù, àti tọ́ọ̀nù kan. Láyé àtijọ́, ohun tí ọkọ̀ lè rù ni orúkọ náà ń sọ. Ford mú F-1 jáde ní 1948. Ní 1953 ni àwọn orúkọ F-100, F-250 àti F-350 dé. F-150 dé fún ọdún 1975, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ìwúwo àpapọ̀ rẹ̀ ju pọ́ùn 6,000 lọ kí ó má baà bọ́ sábẹ́ òfin èéfín tó de àwọn tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n ló bí orúkọ náà! Lóde òní, F-150 kan wà ní ọdún 2021 tí wọ́n ní ó lè rù tó 3,325 pọ́ùn, ìyẹn ohun tó ju tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ, "ìlàjì tọ́ọ̀nù" ni wọ́n sì ń pè é síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 10,000 pọ́ùn ni wọ́n fi ààlà àpapọ̀ wọn sí. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì sì wúwo ju ti bẹntiróòlù lọ dáadáa, inú 10,000 kan náà ni ìwúwo rẹ̀ sì ti ń jẹ. Nítorí náà ni ẹni tó fi owó rẹpẹtẹ kún owó rẹ̀ láti ra dísẹ́ẹ̀lì fi lè rà á tán kí ó má lè rù tó ẹni tó ra ti bẹntiróòlù. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ a máa yí, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tòkunbọ̀ jẹ́ orúkọ ọmọ tí a bí sókè òkun kí ó tó di orúkọ Camry àlòkù. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ìtumọ̀ Tòkunbọ̀ tó yí pa lójú títì.

N kò sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí. Èmi náà ní píkọ́ọ̀pù dísẹ́ẹ̀lì, mo sì ní ilé orí táyà tó tó 7,000 pọ́ùn tí èmi àti ìdílé mi fi ń rìnrìn àjò nígbà ọlidé. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo so ó mọ́ ọkọ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ sílẹ̀, iwájú sì ga bí imú ajá tó ń gbóòórùn. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Wọ́n ta àpò atẹ́gùn fún mi, wọ́n sì gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kó ẹrù tírélà sẹ́yìn kí iwájú rẹ̀ lè fúyẹ́. Mo san owó, mo dúpẹ́. Mo gbé jẹnẹrétọ̀ àti kúlà oúnjẹ àti omi sí ìdí tírélà pátápátá. Ọkọ̀ dúró gbọnrangandan. Ó dára lójú.

Lórí títì I-10, lọ́nà San Antonio, ọkọ̀ ńlá kan yà mí sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti tírélà mi, tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí sọ́tùn-ún sósì, ó sì ń ju ọkọ̀ náà pẹ̀lú ara rẹ̀. Ọlọ́run ló ní kí n rántí ohun tí mo ti kà: mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, n kò tẹ bíréèkì ọkọ̀, mo fi ọwọ́ tẹ bíréèkì ti tírélà nìkan. Ó tó bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí ó tó tọ́. Ìyàwó mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé San Antonio. Nígbà tí mo wọn nǹkan náà lẹ́yìn náà, ohun tó wà lórí bọ́ọ̀lù kò ju bí 350 pọ́ùn lọ, ìdá 5 péré nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tó yẹ kí ó tó 700 ó kéré tán. Àpò atẹ́gùn gbé ìdí ọkọ̀ sókè, ojú mi kò sì rí àléébù mọ́. Bí a bá kun ògiri tó sán, ó sán síbẹ̀.

Nítorí náà ni mo fi ń bá gbogbo àwọn tí ń ta "àtúnṣe" wọ̀nyí fún àwọn ènìyàn wa jà. Àpò atẹ́gùn kò fi pọ́ùn kan ṣoṣo kún iye tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kí ènìyàn má ṣe kọjá ààlà ọkọ̀. Kò sì dá ìwúwo padà sórí táyà iwájú, níbi tí ọkọ̀ ti ń gbọ́ràn sí ọwọ́ awakọ̀ lẹ́nu. Gbígbé ọkọ̀ sókè ń jẹ́ kí ó tètè fẹ́ dojú dé. Táyà gíga ń dín agbára tí jíà ní láti fà kù, ó sì ń mú bíréèkì ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo irin àti rọ́bà tí wọ́n dè mọ́ ọkọ̀ yìí, ẹrù ni àwọn náà: inú 2,000 yẹn ni ẹ ó ti yọ wọ́n. Ẹni náà sanwó kí ọkọ̀ rẹ̀ lè máa rù kéré sí i!

Bí owó bá wà lọ́wọ́ tó ń yún ènìyàn, ohun tó yẹ wà. Ẹ̀rọ tó ń darí bíréèkì tírélà láti ọwọ́ awakọ̀. Irin ìsopọ̀ tó ń pín ìwúwo padà sí iwájú. Táyà tí a kọ ìwọ̀n ẹrù tó bá a mu sí lára. Dígí ẹ̀gbẹ́ tó gùn. Kò sí ọmọdé tí yóò tú síta wá wo ìwọ̀nyí níbi ìkómọ, mo gbà.

Ẹnìkan sọ fún mi pé, "Nílé, ṣé agbégilódò kì í gbé ju báyìí lọ?" Ó ń gbé e. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Oǹdó sí Orè bí igi ṣe ń já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sì rántí pé lórí I-45, máìlì 70 ní wákàtí kan ni gbogbo ayé ń sá, ọkọ̀ tó kún fún ọmọ ẹlòmíràn sì wà lẹ́yìn yín.

Ti òfin náà wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kíá. Ẹni tó bá ń gbowó fa ọkọ̀ oníbàárà kọjá ààlà ìpínlẹ̀, tí àpapọ̀ ìwọ̀n ọkọ̀ àti tírélà rẹ̀ tó 10,001 pọ́ùn, ìjọba àpapọ̀ kà á sí ọlọ́kọ̀ ajé: ó gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà USDOT, àti àṣẹ iṣẹ́ lọ́tọ̀. Àwọn tó ń lọ gbé ọkọ̀ láti Louisiana àti Oklahoma láìní èyíkéyìí nínú rẹ̀ pọ̀ láàárín wa, gbogbo wa sì mọ̀ wọ́n. Bí jàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, agbẹjọ́rò ẹni tó fara pa yóò béèrè bébà ẹnu ọ̀nà yẹn kí ó tó béèrè orúkọ yín.

Mo ti pe àbúrò wa lórí fóònù. Mo ní kí ó gbé ọkọ̀ àti tírélà rẹ̀ wá bí ó bá ti gbé ẹrù méjì sí i, kí a jọ lọ sí ibi ìwọ̀n CAT Scale tó wà nínú ọgbà àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá lójú ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń wọn táyà iwájú lọ́tọ̀, ti ẹ̀yìn lọ́tọ̀, ti tírélà lọ́tọ̀. Èmi ni n óò san owó rẹ̀. Ó ní òun yóò wá ní Sátidé, ṣùgbọ́n bí ìwọ̀n bá gbe òun, èmi ni n óò ra ata dín-dín fún gbogbo àwọn tó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Mo ti gbà.